Ìgbì Ẹnu Ọ̀sà, Ọjà Iléṣà

Oṣù Keje, ọdún 1909. Kì í ṣe ọjọ́ kan pàtó ni mo fẹ́ sọ. Irú ọjọ́ tó ń wáyé léraléra láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ògiri òkúta kò tíì dáàbò bo ẹnu ọ̀sà Èkó, ni mo to wákàtí rẹ̀ jọ síhìn-ín. Ìdí tí mo fi tò ó ni pé nígbà tí a bá ń sọ ìtàn èbúté, Èkó nìkan là ń sọ. A kì í dárúkọ àwọn tó ń dúró de ẹrù ní Òṣogbo àti Iléṣà.

Aago márùn-ún ìdájí. Sítímà ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tó kúrò ní Liverpool ní bí ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ sẹ́yìn ti ju ìdákọ̀ró sójú òkun, níwájú Èkó. Àwọn èrò inú rẹ̀ ń wo iná ìlú lókèèrè, wọn kò sì lè wọ̀ ọ́. Ohun tó dí wọn lọ́nà kò hàn sójú: òkìtì iyanrìn kan tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ omi, tó dábùú ẹnu ọ̀sà. Òjò kò rọ̀, atẹ́gùn kò le. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ yóò ní ojú ọjọ́ dára.

Ìgbì tó ń bọ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ìjì tó jà lápá ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí òtútù ti ń mú, ló bí i ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ti rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì láìfọ́. Lójú agbami, ṣe ló kàn ń gbé ọkọ̀ sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ bó bá ti dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò kan iyanrìn, orí rẹ̀ yóò ga sí i, yóò sì ya lulẹ̀.

Aago méje. Omi ọ̀sà ti ń fà lọ sókun. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti kan Òṣogbo tààrà. Odò Ọ̀ṣun, tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Èkìtì, tó gba Òṣogbo kọjá, tí àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń tú sínú rẹ̀, inú ọ̀sà ló ń lọ. Odò Ògùn náà ń bọ̀ láti ọ̀nà Abẹ́òkúta. Gbogbo omi òjò wọ̀nyí ní láti gba ẹnu ọ̀sà Èkó jáde. Nígbà tí omi tó ń jáde bá pàdé ìgbì tó ń wọlé, ìgbì yóò dìde ró ṣánṣán, yóò sì máa fọ́ lórí iyanrìn láìdáwọ́ dúró. Òjò tó rọ̀ sórí oko ará Iléṣà wà lára ohun tó dá aṣọ tó ń retí dúró lójú òkun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí atọ́nà ọkọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní omi orí iyanrìn jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ọkọ̀ kékeré tí yóò kọjá sì rì wọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ló ṣẹ́kù. Bí ìgbì bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, omi yóò lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 láàárín ìgbì kan sí èkejì. Ìdí ọkọ̀ yóò gbá iyanrìn. Ìgbì tó tẹ̀ lé e yóò bá a níbẹ̀, yóò sì yí i padà. Ìdí nìyẹn tí atọ́nà fi ń dúró kí omi òkun máa kún kó tó gbìdánwò.

Aago mẹ́sàn-án. Omi ti fẹ́ máa kún, ṣùgbọ́n ìgbì kò rẹlẹ̀. Ní ọjọ́ tí òkun bá rọlẹ̀, ọkọ̀ kékeré yóò jáde wá pàdé sítímà. Wọn yóò fi èrò jókòó sínú àpótí onígi, wọn yóò fi ẹ̀rọ gbé e sókè, wọn yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń jó lórí omi nísàlẹ̀. Àwọn ará Kúrù láti Láìbéríà ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́bàá ọkọ̀ ní gbogbo etíkun yìí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìṣẹ́jú tí ìgbì yóò gbé e dé ẹ̀gbẹ́ sítímà àti ìṣẹ́jú tí yóò fà á sẹ́yìn. Bó bá ṣì í, àpótí á fọ́ mọ́ ọkọ̀, èèyàn á bá omi lọ, ẹja ekurá sì wà nínú omi náà. Ìwé ìrìn-àjò àwọn òyìnbó kún fún ẹ̀rù tó ba èrò inú àpótí. Orúkọ àwọn tó di okùn àti àjẹ̀ mú kò sí níbẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn ló kó ẹrù wa gúnlẹ̀.

Aago mọ́kànlá. Àsíá tí wọ́n fi ń ṣe àmì fún ọkọ̀ létíkun kò yí padà: kò sí ọ̀nà. Sítímà tú ìdákọ̀ró, ó kọrí sí Forcados, tó lé ní ọgọ́rùn-ún máìlì sápá ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti jìn. Ẹrù Èkó ni wọ́n sábà máa ń já sílẹ̀ lọ́hùn-ún, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á wá rù ú padà. Àwọn ọkọ̀ yẹn náà, tí wọ́n bá dé Èkó, òkìtì iyanrìn kan náà ni wọn yóò dúró dè. Ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn kúrò níbẹ̀ láti 1907, tí wọ́n sọ lórúkọ Gómìnà Egerton, kì í rí iṣẹ́ ṣe nígbà tí ìgbì bá rí báyìí.

Ọ̀sán. Ní ibùdókọ̀ Iddo l'Ékòó, rélùwéè ń gbéra lọ sókè. Aṣọ tí ì bá wà nínú rẹ̀ ṣì wà lójú òkun. Lórí irin kan náà, òkúta ń bọ̀ láti Aró ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń dà sómi láti fi kọ́ ògiri apá ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀sà. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1908.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òṣogbo. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè débí, àtìgbà náà sì ni ìlú yìí ti di ibùsọ̀ ẹrù gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Aláró tó po aró rẹ̀, tí aró ti dé ojú ẹ̀, nílò aṣọ funfun ilẹ̀ òkèèrè. Aró kì í dúró de ọkọ̀. Ẹni tó kó èkùrọ́ wá náà wà nínú ìṣòro, nítorí ìgbì kì í dí ọ̀nà ẹrù tó ń wọlé nìkan. Bí èkùrọ́ Èkó kò bá rí ọkọ̀ gbé e jáde, sítọ́ọ̀ á kún, ọwọ́ oníbàárà á sì rọ̀ nídìí òṣùwọ̀n. Àwọn alárù tó fẹsẹ̀ rìn láti Iléṣà, ó tó ogún máìlì, ni ọjọ́ yìí fọ́ mọ́ lọ́wọ́ jù: wọ́n ru èkùrọ́ wá, òfìfo ni wọn yóò fi padà.

Alẹ́, Iléṣà. Rélùwéè kò dé ibí, kò sì tíì dé ibí títí dòní. Láyé ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, ọ̀nà Oǹdó ni àwọn Ìjẹ̀ṣà gbà kó ìbọn àti ẹ̀tù wá láti etí ọ̀sà, tí àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Frederick Haastrup, di Ọwá Ajímọ́kọ̀ọ́, ọba Iléṣà, ní 1896. Àwọn èèyàn yìí mọ ọ̀nà òkun dáadáa. Ṣùgbọ́n oníṣòwò aṣọ, irú ẹni tí a wá mọ̀ sí òṣómàáló, ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú, ó sì ní ọjọ́ tó dá fún oníbàárà. Bí aṣọ kò bá dé, kò sí ohun tí yóò tà, gbèsè tirẹ̀ sì ń ka ọjọ́.

Owó ibodè lórí ọjà tó ń ti òkun wọlé, pàápàá ọtí líle, ni ìjọba ti ń rí owó ná jù lọ nígbà náà, owó ọjà yẹn sì wà lórí ẹni tó ń rà á ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ìpetu. Àwọn gan-an tí ìgbì ń dá dúró wà lára àwọn tó ń san owó ògiri tí yóò dá ìgbì dúró. Ní 1914, ọkọ̀ ńlá láti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀sà wọ Èkó láìkọ́kọ́ lọ sí Forcados, ẹrù sì ń gbà láti ọ̀dọ̀ wọn bọ́ sínú rélùwéè tó ń lọ Òṣogbo.