Àjò Tí Àbọ̀ Rẹ̀ Pẹ́: Aráyé àti Àwọn Tí Ọkọ̀ Bàjẹ́ Mọ́ Lójú Sánmà

Kì í ṣe ohun tuntun kí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ èrò lọ́nà. Àwọn ará Orè, níbi tí àwọn ọkọ̀ Èkó àti ti Bìní máa ń yà sí, mọ̀ ọ́n dáadáa. Èrò ọkọ̀ lè fi sùúrù dúró. Àwọn ará ilé ni kì í fojú ba oorun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́ lójú sánmà ńkọ́, níbi tí kò sí mẹkáníìkì kankan?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1970, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí, James Lovell, John Swigert àti Fred Haise gbéra láti Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá nínú ọkọ̀ Apollo 13. Ènìyàn ti dé òṣùpá lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì jọ aráyé lójú mọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi inú ọkọ̀ wọn hàn, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńláńlá Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 13, àgbá ọ́síjìn kan bú gbàmù. Wọ́n sá sínú ọkọ̀ kékeré tí wọn ìbá fi balẹ̀ sórí òṣùpá, wọ́n sì yí òṣùpá po kí wọ́n tó lè kọjú sílé. Kíá ni gbogbo ayé tají. Póòpù Paul Kẹfà gbàdúrà fún wọn. Ìjọba Soviet pàápàá, tí ó ń bá Amẹ́ríkà díje, fi ọkọ̀ ojú omi lọ̀ láti gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 17, wọ́n sọ̀ sínú òkun Pàsífíìkì láàyè.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2024, Butch Wilmore àti Sunita Williams bá ọkọ̀ Starliner lọ sí ibùdó ojú sánmà. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n gáàsì helium ń jò, díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ sì kọ iṣẹ́. Àjọ NASA pinnu pé kí ọkọ̀ náà padà lófìfo. Ọjọ́ 286 ni àwọn méjèèjì lò kí wọ́n tó fi ọkọ̀ mìíràn dé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025.

Oríṣiríṣi ni ìṣe aráyé. Ní Jhulasan ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, abúlé ìdílé bàbá Williams, wọ́n gbàdúrà títí ó fi dé, wọ́n sì jó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ di ti ìṣèlú: Ààrẹ Trump ní ìjọba tí ó ṣáájú òun pa wọ́n tì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí ó gbé wọn wálé ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, pẹ̀lú ìjókòó méjì tí a fi sílẹ̀ dè wọ́n. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ti rí oúnjẹ jẹ nínú irú àánú bẹ́ẹ̀ rí: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, lẹ́tà èrú kan ń tọrọ owó láti gbé ọmọ Nàìjíríà kan tí ó há sójú sánmà láti ọdún 1990 wálé. Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀.

Starliner balẹ̀ láìfarapa, àwọn kan sì ní ẹ̀rù lásán ni NASA bà. Ṣùgbọ́n bí ewu bá fo ẹnì kan dá, kò fi hàn pé ewu kò sí. Ní ọdún 1986, Challenger parun pẹ̀lú ènìyàn méje. Ní ọdún 2003, Columbia parun pẹ̀lú méje mìíràn bí ó ti ń bọ̀ wálé. Nínú méjèèjì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi ìbẹ̀rù wọn hàn, àwọn ọ̀gá kò kà á sí. Ìrántí àwọn wọ̀nyí ni olórí NASA, Bill Nelson, tọ́ka sí ní ọdún 2024.

Ó yẹ kí aráyé máa bèèrè ìgbà tí arìnrìn-àjò ń bọ̀. Ìgbàgbé ni ó burú, bí ti ọdún 1970. Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè náà má bo ohùn ẹni tí ó mọ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ní kò ì yá.