Eyín Ọmọ Tó Ń Yìnrìn

Bí eyín ọmọdé bá ká, orí òrùlé la máa ń jù ú sí, kí tuntun lè hù. Eyín kejì kò ní arọ́pò, bẹ́ẹ̀ a ń lò ó bí ẹni pé òrùlé ṣì ní òmíràn nípamọ́.

Èèpo funfun tó bo eyín ló le jù lọ nínú ara èèyàn. Bí 96 nínú ìdá 100 ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ èròjà líle, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì pàápàá. Ṣùgbọ́n kò lẹ́mìí. Ohun tó hun ún ti kú kí eyín tó yọ, nítorí náà kì í jinná bí egungun. Àìsàn líle nígbà èwe lè da híhun náà rú, kí eyín yọ pẹ̀lú àbààwọ́n tí ìyá á máa ha, tó rò pé ìdọ̀tí ni.

Ìyìnrìn tó kù, ọwọ́ wa ló ti wá. Láyé àtijọ́, pákò orin ata ni ará ìlú Sakété fi ń jí. Wọ́n á rún un pẹ́, itọ́ á máa sun. Itọ́ yìí gan-an ló ń dá kálísíọ̀mù padà sínú èèpo tí omi kíkan ti jẹ. Lónìí, ọmọ mu ògì oníṣúgà sùn, ó sì ń lá dídùn lọ sílé ìwé. Ṣúgà yìí ló ń di omi kíkan lẹ́nu. Bí ẹnu bá ti kan débi tó fi wà nísàlẹ̀ 5.5 lórí òṣùwọ̀n pH, èèpo á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bí ọmọ bá sì ń jẹ dídùn lemọ́lemọ́, itọ́ kò ráyè tún un ṣe.

Èmi kò sọ pé ká padà sórí orin ata nìkan. Fúlúóráìdì ló ń mú kí èèpo tètè gba èròjà rẹ̀ padà, kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ ìfọyín tó ní in sára àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ẹ wo ara ọṣẹ náà kí ẹ tó rà á: 1,000 sí 1,500 ppm fúlúóráìdì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Àmì funfun ṣíṣú, ìbẹ̀rẹ̀ yíyọ́ èèpo, ni ọṣẹ lè wò. Bó bá ti di ihò, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín.