Iná Kejì: Ìtàn Àwọn Aráàlú Tó Ń Yin Rọ́kẹ́ẹ̀tì Onípele Méjì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àyà ti máa ń já. Aṣálẹ̀ Black Rock ni, ní ìpínlẹ̀ Nevada, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí igi, kò sí ilé. Àwọn èèyàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ti ka márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ení. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti ta kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó ń mi èèyàn láyà. Láìpẹ́, iná ìdí ẹ̀ kú. Ìdajì ìsàlẹ̀ yọ, ó ń já bọ̀. Ìdajì òkè ṣì ń sáré lọ láìsí iná kankan. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Ṣé iná kejì máa ràn, àbí kò ní ràn?

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn la fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ lónìí. Àwọn tó ń ṣe eré yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ NASA o, wọn kì í sì í ṣe sójà. Olùkọ́ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Owó ara wọn ni wọ́n ń ná. Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé: ta ló gba aráàlú láyè láti gbé irú iná báyìí dání? Lójú tiwa, kò sẹ́ni tó dédé gbà wọ́n láyè. Wọ́n kọ́ bí iná ṣe ń ràn, lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ìgbà tí kò yẹ kí iná ràn.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo

Kí ló dé gan-an tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń ní ìpele? Ká ní ẹ fẹ́ gun ọ̀kadà láti Èkó dé Kánò, tí kò sì sí ilé epo kankan lójú ọ̀nà. Ẹ máa di kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́yìn ni. Tí kẹ́ẹ̀gì kan bá tán, ṣé ẹ máa gbé òfìfo ẹ̀ dé Kánò? Rárá o, ẹ máa jù ú nù kí ẹrù lè fúyẹ́. Ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele ń ṣe nìyẹn. Tí ìpele ìsàlẹ̀ bá ti jó tán, páìpù òfìfo ló kù. Ó máa já a sílẹ̀, ìpele òkè á sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ látorí eré tí èkíní ti sá kalẹ̀ fún un.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ìwé ogun Ṣáínà kan wà tí wọ́n ń pè ní Huolongjing, ó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Wọ́n ṣàpèjúwe ohun ìjà kan nínú ẹ̀: àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ìta ló máa gbé e lọ, tí wọ́n bá sì fẹ́ẹ́ jó tán, iná wọn á ran àwọn ọfà oníná tó wà nínú ikùn ẹ̀. Ní 1903, Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Rọ́ṣíà tí etí ẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, tẹ ìṣirò jáde tó fi hàn bí epo àti ẹrù ṣe ń pinnu eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè sá. Ní 1914, ìjọba Amẹ́ríkà fún Robert Goddard ní ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni kó fò. Ní 24 oṣù Kejì, 1949, ní White Sands ní ìpínlẹ̀ New Mexico, àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan, WAC Corporal, lé orí V-2 tí wọ́n kó bọ̀ láti Jámánì lẹ́yìn ogun. Bumper ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ti ọjọ́ yẹn lọ sókè tó nǹkan bíi 390 kìlómítà. Mẹ́jọ ni gbogbo Bumper tí wọ́n yìn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni kò sì ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìjọba lówó lọ́wọ́, ó ní aṣálẹ̀, ó ní onímọ̀, síbẹ̀ iná kejì fojú wọn rí nǹkan.

Oníbàtà kan ní Nebraska

White Sands yẹn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ G. Harry Stine ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Àwọn ọmọdé máa ń kọ lẹ́tà sí i: báwo la ṣe máa ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa? Ẹ̀rù ń bà á, torí ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú ilé, nínú gáráàjì, àwọn ọmọ ń ki ẹ̀tù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pò sínú páìpù irin. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ kì í fò, ó máa ń bú ni. Àwọn kan pàdánù ìka, àwọn kan pàdánù ojú, àwọn mìíràn kú. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa tá a ti fi nọ́kaọ́ọ̀tù ṣọdún Kérésì rí, a mọ bí iná ṣe máa ń tan ọmọdé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1957, Stine kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn lórí ààbò tó wà nídìí iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan ní ìlú Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, kà á. Orville Carlisle lorúkọ ẹ̀. Bàtà ló ń tà, àmọ́ ó fẹ́ràn iná ìdárayá tí wọ́n ń yìn sókè. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ìyá méjì ló bí ohun tó ṣe: Robert tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú kékeré, Orville sì ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní 1954 tó lè fi ṣàlàyé fáwọn èèyàn bí nǹkan ṣe ń fò. Ó kọ̀wé sí Stine, ó sì fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí i.

Kí ló wà nínú ọgbọ́n Carlisle? Nǹkan mẹ́ta péré ni. Bébà àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara ẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣeé yọ, ṣeé pààrọ̀, ọmọdé kò ní láti po ẹ̀tù fúnra ẹ̀. Tó bá dókè tán, páráṣúùtì á ṣí, á gbé e wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Stine wá fi òfin tì í lẹ́yìn: wáyà àti bátìrì ni kẹ́ ẹ fi tanná sí i, láti òkèèrè. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Lọ́dún 1957 yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Association of Rocketry, ìyẹn NAR, sílẹ̀. Ní 4 oṣù Kẹwàá, Soviet Union gbé Sputnik lọ sójú ọ̀run, ni orí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà bá wú. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe kò wá tó mọ́. Ní Denver, Vernon Estes, tí iṣẹ́ iná ìdárayá kì í ṣe àjèjì nínú ìdílé ẹ̀, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń tẹ ẹ̀tù sínú páìpù bébà lọ́kọ̀ọ̀kan láìdúró. Ó pe ẹ̀rọ náà ní Mabel. Láti ọdún 1959 ni Mabel ti ń ṣiṣẹ́.

Òdo tó wà lẹ́yìn orúkọ

Ibí yìí ni iná kejì ti dé ọwọ́ ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá wo ara ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí, ẹ máa rí nǹkan bíi C6-7 tàbí C6-0. Lẹ́tà yẹn ń sọ bí agbára ẹ̀ ṣe pọ̀ tó lápapọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń tì tó. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa dúró lẹ́yìn tó bá jó tán kó tó ti páráṣúùtì jáde. Tó bá wá jẹ́ òdo ńkọ́? Kò ní dúró rárá. Bí ẹ̀tù ẹ̀ bá ṣe jó dé òkè báyìí, iná á là á já, á ta pàrà wọ ihò ìdí ẹ́ńjìnnì kejì. Àwọn ọmọ kàn máa ń fi sẹ́lótéèpù so ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀ ni. Ó rọrùn, kò sì náni lówó.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó fara sin níbẹ̀: iná yẹn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí atẹ́gùn bá ti tẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ti dojú kọ oko ẹlòmíì, èkejì máa ràn bẹ́ẹ̀ náà ni. Pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì bébà tí kò wúwo, kò fi bẹ́ẹ̀ séwu. Pẹ̀lú èyí tó ga ju èèyàn lọ ńkọ́?

Àwọn tí tíńtín kò tó mọ́

Nígbà tí àwọn ọmọ 1957 dàgbà, ohun tí wọ́n ń fẹ́ náà dàgbà. Òfin NAR ìgbà yẹn ni pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ wúwo ju pọ́n-ùn kan lọ. Àwọn kan sọ pé èyí kéré jù. Ní 1982, wọ́n kó ara wọn jọ sí Medina, ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n pe ìpàdé náà ní LDRS. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ọkọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó léwu. Ẹ̀fẹ̀ ni o, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ tó ní òótọ́ nínú. Ẹgbẹ́ Tripoli, tó ti wà ní Pennsylvania láti 1964, di ilé fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, NAR náà ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Epo tí wọ́n ń lò yàtọ̀ sí ẹ̀tù. Ammonium perchlorate ni wọ́n pò mọ́ rọ́bà. Irú ẹ̀ náà ló wà nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì funfun méjì tó máa ń gbé Space Shuttle gbéra. Ó lágbára ju ẹ̀tù lọ dáadáa, àmọ́ kì í ràn bọ̀rọ̀. Ọgbọ́n òdo àti sẹ́lótéèpù kò ṣiṣẹ́ fún un. Kí iná kejì tó lè ràn, kọ̀ǹpútà kékeré gbọ́dọ̀ wà nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa fi bátìrì tàn án.

Kọ̀ǹpútà yìí ló yí ìtàn padà. Lákọ̀ọ́kọ́, aago lásán ni: tí ìṣẹ́jú àáyá báyìí bá pé, tanná. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kọ́ ọ láti máa béèrè ìbéèrè. Ṣé a ti ga tó? Ṣé ìpele ìsàlẹ̀ ti jó tán? Ṣé a ṣì dojú kọ òkè ṣánṣán, àbí a ti fì? Tí ìdáhùn kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní tanná. Páráṣúùtì nìkan ló máa tì jáde.

Ó ń jó ni, kì í bú

Ìjọba kò dákẹ́ o. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọtí, tábà, ìbọn àti ohun abúgbàù sọ pé epo yìí wà lára ohun abúgbàù. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ìwé àṣẹ, àyẹ̀wò, àti ibi ìpamọ́ pàtàkì fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. Ní 2000, NAR àti Tripoli pawọ́ pọ̀, wọ́n gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dáwó ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń jó ni, kì í bú.

Ní 2006, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ìjọba kò ṣàlàyé ohun tó fi gbé ìpinnu ẹ̀ kalẹ̀. Ní 16 oṣù Kẹta, 2009, Adájọ́ Reggie Walton dá àwọn ẹgbẹ́ náà láre. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní 25 oṣù Kẹrin, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve Eves yin àwòrán Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé èèyàn lọ sóṣùpá, ní Maryland. Ẹsẹ̀ bàtà 36 ni gíga ẹ̀, ó wúwo ju 1,600 pọ́n-ùn lọ, ó sì lọ sókè ju ẹsẹ̀ bàtà 4,400 lọ. Ìpele mẹ́ta ni Saturn V gidi ní. Ìpele kan ṣoṣo ni Eves tanná sí. Gbogbo ẹ̀ gòkè, gbogbo ẹ̀ padà wálẹ̀ lábẹ́ páráṣúùtì.

Ọjọ́ ìfò

Ẹ wá padà bá wa lọ sórí pápá. Ẹni tó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele méjì wá kò kàn ní lọ gbé e dúró. Ó ti gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ìpele àkọ́kọ́ wà fún ẹ́ńjìnnì H àti I. Ìkejì wà fún J, K àti L, ìdánwò sì wà níbẹ̀. Ìkẹta wà fún M sókè. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi ìlọ́po méjì lágbára ju èyí tó ṣáájú ẹ̀. Kó tó gba ìwé ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lójú ẹlẹ́rìí, kó sì gbé e padà wá láìfọ́.

Alábòójútó ààbò máa gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yẹ̀ wò, á mì í, á béèrè: kí ló ń tan iná kejì? Kí ló máa dá a dúró tí nǹkan bá wọ́? Tí ìdáhùn bá ń kọsẹ̀, kò ní fò lónìí. Tí wọ́n bá gbé e dé orí irin, wọ́n gbọ́dọ̀ nà án dúró ṣánṣán kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà inú ẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé tí ẹ́ńjìnnì M bá wà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele kan, kí èèyàn jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 500. Tó bá jẹ́ onípele púpọ̀, ó di 1,000. Tí atẹ́gùn bá ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ, kò sẹ́ni tó ń yin nǹkan kan. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì gbéra, wọ́n máa dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè sọ pé òfin yìí ti pọ̀ jù fún eré. Ó ti gbàgbé àwọn ọmọ 1957 nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú òfin wọ̀nyí tó jábọ́ látọ̀run. Ìka tó ti gé ló kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n sì dé iwájú adájọ́, àwọn èèyàn yìí kì í ṣe jàǹdùkú tó ń fi iná ṣeré. Wọ́n ti ń ṣọ́ ara wọn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ níbi tá a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Iná àkọ́kọ́ ti kú, ìpele ìsàlẹ̀ ń bọ̀ wálẹ̀, gbogbo èèyàn gbójú sókè. Ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì, mẹ́ta. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Atẹ́gùn ti tẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀, kọ̀ǹpútà ti rí i, ó kọ̀. Páráṣúùtì kékeré ṣí lókè, bíi òdòdó. Ni pápá bá bú sí àtẹ́wọ́. Ẹni tó ni ín máa rìn lọ gbé e lórí iyanrìn, ẹ́ńjìnnì òkè ṣì kún nínú ẹ̀ láìjó. Ó máa gbé e sábíyá bọ̀, á tú u wò, á sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn.