Kapwa àti Utang na Loob

Kapwa ni èdè Tagalog ní orílẹ̀-èdè Philippines ń pe ọmọnìkejì ẹni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọnìkejì náà kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wa. Orí èyí ni utang na loob dúró lé, ìyẹn gbèsè inú, oore tí owó kò lè san tán. Ní àwọn ọdún 1960, Frank Lynch, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, ka pakikisama, ìbára-ẹni-ṣe, àti hiya, ìtìjú, sí ọ̀nà láti gbé pọ̀ láìfa ìjà. Virgilio Enriquez, tó ṣe agbátẹrù Sikolohiyang Pilipino, ìyẹn ìmọ̀ ìrònú-ọkàn lójú àwọn ará Philippines fúnra wọn, ní àwọn ọdún 1970, kò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Lójú tirẹ̀, kapwa ni gbòǹgbò. Èdè fúnra rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ẹ̀rí tó sì lágbára ni: Tagalog pín ènìyàn sí ibang tao, àjèjì, àti hindi ibang tao, ẹni tiwa, síbẹ̀ kapwa gba àwọn méjèèjì mọ́ra.

Àwọn alátakò sọ pé gbèsè inú ni olóṣèlú fi ń de olùdìbò lọ́wọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó bá aláìní san owó ìwòsàn lè padà wá béèrè ìbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka oore lé ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò, kò sì rí ẹni tó ṣe é fún bíi kapwa mọ́. Àṣà yìí kan náà ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: walang hiya, aláìnítìjú.