Májèlé inú ẹ̀gẹ́ àti ilẹ̀ Ifọ̀, Mowe pẹ̀lú Ibafo

Ẹni tó bá rìn wọ àwọn abúlé ẹ̀yìn Ifọ̀, tàbí tó yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Mowe tàbí Ibafo, tó sì rìn jìnnà díẹ̀, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un bí ẹbu gààrí bá wà nítòsí. Omi ẹ̀gẹ́ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpò tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ni omi yìí ti ń sun jáde, yóò sì wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sínú oko tàbí sínú odò. Ibi tó bá dárogún sí, koríko ibẹ̀ a kú. Bí ó bá dé inú ìṣàn omi kékeré, ẹja a léfòó. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí oko tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní mímọ̀.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ, nítorí pé ẹni tó bá jẹ irú èyí tó korò láìmọ bí a ṣe ń ṣe é lè kú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé àti àwọn Sàró wá tan ọgbọ́n ṣíṣe gààrí kálẹ̀. Láàárín àkókò náà ni ìlú Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1830, ń gba àlejò àti ọmọ tó ń darí bọ̀ wálé.

Kí ni ọgbọ́n ọ̀hún? Nínú ẹ̀gẹ́, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní linamarin, òun ló gbé májèlé sáyánáìdì pamọ́ sínú. Lọ́tọ̀, nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ linamarase. Àwọn méjèèjì kì í pàdé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní odidi. Ìgbà tí ìyá àgbà bá rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni wọ́n tó pàdé. Ẹ́ńsáìmù náà yóò fọ́ linamarin sí wẹ́wẹ́, sáyánáìdì yóò sì di afẹ́fẹ́ tí yóò fò lọ, nítorí pé ooru tó tó ìwọ̀n 26 lórí Celsius ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ọjọ́ mélòó kan tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan nínú àpò, kì í ṣe fún adùn nìkan.

Ní nǹkan bí 1877 ni Wilhelm Kühne, ará Jámánì, fún ẹ́ńsáìmù ní orúkọ tó ń jẹ́, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì tó túmọ̀ sí ‘nínú ìwúkàrà’. Ọdún 1897 ni Eduard Buchner fi hàn pé ẹ́ńsáìmù lè ṣiṣẹ́ láìsí ohun abẹ̀mí tó ṣe é, èyí tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1907. Nígbà yẹn, àwọn ìyá wa ti ń jẹ ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ sí i. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ó gba Ifọ̀ kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà ni ebi Èkó ti rí ọ̀nà dé inú oko Ẹ̀gbá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gààrí wà lára oúnjẹ tí ìjọba amúnisìn dá iye lé lábẹ́ ètò Pullen, tí Alímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà àti àwọn ìyálọ́jà Èkó sì ta kò ó gidigidi. Ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ dé lẹ́yìn náà. Ní 1978, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀, Mowe àti Ibafo sì kúrò ní abúlé. Omi tí igbó àti ilẹ̀ gbòòrò ń gbà mì tẹ́lẹ̀ kò ríbi lọ mọ́, nítorí pé ilé ti gba ibẹ̀.

Ìkánjú sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ kó tó kan dáadáa ń gbé májèlé púpọ̀ lọ sínú omi, ó sì ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú gààrí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 ní Òṣósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, lórí àìsàn tó ń mú kí ẹsẹ̀ máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ojú sì ń ṣókùnkùn. Ó so ó mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí kò ní ẹja tàbí ẹ̀wà tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan bá a jiyàn lẹ́yìn náà.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀. Rhodanese ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀ wa, ó sì wà nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀. Ó ń fi imí-ọjọ́ mọ́ sáyánáìdì, ó ń sọ ọ́ di ohun tí oró rẹ̀ kéré púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti rí irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lé, wọ́n sì ti wọn agbára ẹ́ńsáìmù náà.

Èmi kò gba ti àwọn tó ń gbé ẹ́ńsáìmù inú ìgò kiri bí àgbo gbogbo-ǹ-ṣe. Èyí tó wà nínú ilẹ̀ ń béèrè oúnjẹ, ìyẹn ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà, ó sì ń béèrè àkókò. Kòtò fífẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jìnnà sí kànga, tí omi náà lè dúró sí kí oòrùn pa á, yóò kọ́kọ́ lé sáyánáìdì púpọ̀ lọ. Ní Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń pe omi ẹ̀gẹ́ ní manipueira, wọ́n ń jẹ́ kí ó dúró, wọ́n ń bomi là á, wọ́n sì ń dà á sí oko bí ajílẹ̀. Ní tiwa, odò Ògùn tó ń ṣàn láàárín ìhà Ifọ̀ àti ìhà Mowe ni ìṣàn tó bá kúrò ní ẹbu ń wá lọ, òun náà sì ń gbé e lọ sí ọ̀sà Èkó.