Àbọ̀ Oko Fadá Tansi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ìtàn Fadá Iwene Tansi fi hàn pé àbọ̀ náà lè gba ọ̀nà tí ẹni tó lọ oko kò rò.

Ní 1903 ni wọ́n bí i ní Aguleri. Ní 1937 ni ó di àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní Onitsha. Lára àwọn ọmọdé tí ó ṣe ìtẹ̀bọmi fún ni Francis Arinze, tí ó di Kádínà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ní 1950, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Heerey yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé àwọn mọ́ńkì ní Mount Saint Bernard, ní Leicestershire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrètí wọn ni pé yóò kọ́ ìgbé-ayé àdúrà àti ìdákẹ́jẹ́ náà, yóò sì wá gbìn ín sí Onitsha. Ẹni tí ìjọ ń wárí fún di ọmọ ẹ̀kọ́ nínú òtútù: ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìjẹun, ó sì ń di ìwé.

Ní 1963, Kamẹrúùnù ni ilé náà yàn fún ẹ̀ka rẹ̀, kì í ṣe Nàìjíríà. Tansi kú ní 20 oṣù Kìíní, 1964. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sin ín sí.

Ǹjẹ́ oko gbé e bí? Rárá. Ní 1986, wọ́n kó egungun rẹ̀ wá sí Onitsha. Ní 22 oṣù Kẹta, 1998, Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún ní Oba, nítòsí Onitsha. Ní èrò tiwa, kì í ṣe ilé tí ó lọ wá ní ó mú un padà, bí kò ṣe ìjọ tí ó fi sílẹ̀.