Ọ̀wọ́n Epo Kọ́ Ló Bí Corolla

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà láìbéèrè: pé ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ló bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìdílé ti ilẹ̀ Jàpáàn. Wọ́n á ní ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà ni àwọn ará Jàpáàn sáré ṣe mọ́tò kékeré tí kì í jẹ epo, tí aráyé sì ń jà du ú. Ìtàn náà dùn létí, ó sì rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àwọn mọ́tò náà tako o. Ayé ni ọ̀wọ́n epo bá wọn. Kì í ṣe òun ló bí wọn.

Oṣù kẹrin ọdún 1966 ni Nissan gbé Datsun Sunny jáde, Toyota sì gbé Corolla tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá. Nǹkan bí ọdún méje ló kù kí ọ̀wọ́n epo dé. Àwọn ìdílé Jàpáàn fúnra wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gbèrò mọ́tò tí apá mẹ̀kúnnù lè ká. Nígbà tí owó oṣù ń gbéra sókè ní àwọn ọdún 1960, Toyota kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan sí Takaoka nítorí Corolla. Bó bá jẹ́ pé dídín epo kù ni wọ́n ń lé, wọn ì bá má polówó bí wọ́n ṣe polówó. Ẹ́ńjìnnì Sunny jẹ́ 988 cc; Toyota fi 1,077 cc sínú Corolla, ó sì ń fi ìyàtọ̀ yẹn yangàn níwájú oníbàárà. Ẹni tó ń ṣọ́ epo lò kì í fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe fáàrí.

Ẹnìkan lè dáhùn pé Corolla nìkan nìyẹn, pé ẹ̀yìn ọ̀wọ́n epo ni Honda Accord dé lọ́dún 1976, tí Toyota Camry sì dé ní àwọn ọdún 1980. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí Accord ti ṣẹ̀ wá. Civic tó ṣáájú rẹ̀ ti jáde ní oṣù keje ọdún 1972. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1970 sì ni Honda ń bá fà á nígbà náà, èyí tó pàṣẹ pé kí mọ́tò tuntun dín ìpín 90 nínú 100 kù nínú àwọn èéfín olóró kan. Honda ṣe ẹ́ńjìnnì CVCC láti fi yege ìdánwò yẹn, ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni wọ́n sì fi sínú Accord tó lọ sí Amẹ́ríkà. Èéfín ló kọ́kọ́ ká wọn lára, kì í ṣe iye owó epo. Ní ti Camry, mọ́tò tí táyà ẹ̀yìn ń tì ni nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1980. Lọ́dún 1982, wọ́n yí i padà kí táyà iwájú máa fà á, kí àyè lè gba ìdílé dáadáa nínú rẹ̀.

Ohun tí a kò lè sẹ́ ni pé ọ̀wọ́n epo mú kí ọjà wọn yá gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ọjà yá yàtọ̀ sí ohun tó dá ọjà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé epo nìkan ló gbé wọn ró, ó yẹ kí wọ́n wó lulẹ̀ nígbà tí epo tún pọ̀. Iye owó epo já wálẹ̀ lọ́dún 1986. Lọ́dún 1989, Accord ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó tà jù lọ ní Amẹ́ríkà, Camry náà sì gba ipò yẹn lọ́dún 1997. Wọn kò tilẹ̀ kéré mọ́ nígbà náà. Òfin ló pinnu bí wọ́n ṣe gùn tó àti bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó: ní Jàpáàn, títí di ọdún 1989, mọ́tò tó bá fẹ̀ ju mítà 1.7 lọ máa ń bọ́ sí ìsọ̀rí tí owó orí rẹ̀ wọ́n. Ní ti Amẹ́ríkà, àdéhùn ọdún 1981 fi iye mọ́tò tí Jàpáàn lè kó wọ ibẹ̀ mọ sí 1,680,000 lọ́dún. Nígbà tí wọn kò lè kó púpọ̀ wọlé mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tó tóbi tó sì wọ́n jù, Honda sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Accord ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ́dún 1982, kí Toyota tó ṣe Camry ní Kentucky lọ́dún 1988. Lọ́dún 1990, Toyota ṣe Camry tóóró fún ìlú rẹ̀, ó sì ṣe èyí tó fẹ̀ fún Amẹ́ríkà lọ́dún 1991.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá orísun àwọn mọ́tò yìí, kí ó wá a sínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ Jàpáàn ní àwọn ọdún 1960 àti sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè méjì. Ọ̀wọ́n epo polówó wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì polówó wọn dáadáa; àmọ́ alágbàpolówó kọ́ ló bí ọjà.